Ẹ̀ẹ̀mejì ni Kẹ́hìndé Kúnlẹ̀

Gbàn-ìn, gbàn-ìn, gbàn-ìn. Bí aago àfọwọ́mì bàbá Hezekiah ṣe máa ń dún nìyẹn ní Bẹyẹrúnká láyé ìjọ́sí, lẹ́yìn tí ládàánì bá ti pe ìrun àsùbáà tán. Ìró náà kì í le. Bàbá arúgbó á rọra mì ín, á jókòó sórí àpótí rẹ̀ lójúde, á sì máa retí. Kò sẹ́ni tó ń fi ẹgba lé ọmọ jáde. Orin ló ń fà wọ́n. Wọ́n á máa bọ̀ pẹ̀lú ipin lójú, wọ́n á máa kọsẹ̀ lára wọn; èyí tí oorun bá tún gbé lọ kí àdúrà tó parí, bàbá á fi etí aṣọ rẹ̀ bò ó, á máa bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ. Àwọn ọmọ mùsùlùmí agboolé kejì pàápàá á wá fẹ̀yìn ti ògiri, nítorí pé lẹ́yìn "Àmín" ìkẹyìn, àkàrà ń bẹ, a kì í sì í béèrè lọ́wọ́ ọmọ bóyá ó mọ ìwé kó tó gba tirẹ̀. Ẹni tó bá gbọ́ aago yẹn rí, bó bá wà lẹ́yìn odi títí irun rẹ̀ fi funfun, etí rẹ̀ kò ní yéé wá a ní ìdájí.

Aago náà ṣì wà. Ọwọ́ Hezekiah ló wà báyìí, ṣùgbọ́n Hezekiah ń lù ú bí ẹni ń lé ewúrẹ́ kúrò nídìí gàrí. Òfin ilé rẹ̀ kò le láti mọ̀. Ọmọ tí kò bá dé kí orin tó tán, kò ní jẹun òwúrọ̀. Ọmọ tí kò bá sọ àkọ́sórí rẹ̀ láìkọsẹ̀, kò ní jẹun òwúrọ̀. Ọmọ tó bá béèrè ìdí ọ̀rọ̀, á kúnlẹ̀, á gbọ́wọ́ sókè, á máa wo àwọn yòókù bí wọ́n ṣe ń jẹun. Tíṣà ni Hezekiah. Òun náà ló ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní katikísímù ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn lẹ́bàá Òkè Mápó, gbogbo ìjọ ló sì ń sọ pé kò sọ́mọ tó lẹ́kọ̀ọ́ bíi tirẹ̀. Ebi ló ń kọ́ wọn.

Ọjọ́ Àìkú ni ọjọ́ tí à ń wí yìí, ọjọ́ ìgbọ́wọ́lé. Bíṣọ́ọ̀bù ń bọ̀ wá gbé ọwọ́ lé àwọn ọmọ tó ti parí kíláàsì Hezekiah lórí. Ẹni tí wọ́n bá ti gbọ́wọ́ lé ti jáde lábẹ́ ẹ̀jẹ́ tí àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ fún un nígbà ìrìbọmi, ó ti fi ẹnu ara rẹ̀ gbà á, ó sì ti lè jẹ Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa. Àwọn ọmọ Hezekiah méjèèjì wà lára wọn: Táyéwò àti Kẹ́hìndé, ìbejì obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ojú wọn jọra débi pé bàbá wọn gan-an a máa pe orúkọ ọ̀kan kí ó tó wo èyí tó dáhùn. Aṣọ funfun méjì àti ìbòrí méjì ti wà lórí ìṣó láti àná.

Orin parí. Hezekiah wo àwọn ọmọ náà láti òkè gíláàsì ojú rẹ̀.

"Kẹ́hìndé. Tí Bíṣọ́ọ̀bù bá bi ọ́ pé ṣé ìwọ fúnra rẹ gba ẹ̀jẹ́ ìrìbọmi rẹ, kí lo máa wí?"

"Mo gbà á, sà."

Ẹ̀rín wà lójú Kẹ́hìndé bó ṣe sọ ọ́, kò sì purọ́. Ọmọ náà ní ohun kan tí bàbá rẹ̀ kò fi ẹgba fún un. A máa dá gbàdúrà nídìí abọ́ tó ń fọ̀, a máa rẹ́rìn-ín sí i bí ẹni tó ń bá ọ̀rẹ́ sọ̀rọ̀. Ìyá rẹ̀ ti bá a níbẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà, ó sì máa ń rọra fi ẹ̀yìn rìn jáde.

"Táyéwò?"

Táyé ń wo ilẹ̀.

"Táyéwò, ìwọ ni mò ń bá wí."

"Dádì, ẹ jọ̀ọ́, sà. Mi ò ní lọ."

Rachel, ìyá wọn, tí ọkàn rẹ̀ ti wà lọ́dọ̀ ìrẹsì tó wà lórí iná, yára gbé orí sókè.

"O ò ní lọ síbo?" ni Hezekiah bi í.

"Síwájú Bíṣọ́ọ̀bù. Wọ́n á bi mí bóyá mo gbà á. Mi ò tíì mọ̀ bóyá mo gbà á, sà. Tí mo bá wá ní mo gbà á, irọ́ ni mo pa yẹn, irọ́ náà á sì wá jẹ́ níwájú Ọlọ́run. Ẹ jẹ́ kó di ọdún tó ń bọ̀. Mo ṣì ń rò ó."

"O ń rò ó." Hezekiah tún ọ̀rọ̀ náà sọ bí ẹni tó rí irun nínú ọbẹ̀. "Ta ló ní kó o rò ó? Mo kọ́ ọ ní ìdáhùn. Ìdáhùn tí mo kọ́ ọ ni kó o sọ, kó o dìde, kó o máa bọ̀!"

"Ṣé kì í ṣe èmi ni wọ́n máa bi ni, sà?"

Ìgbájú ló gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu rẹ̀. Bíbélì tó wà lórí itan Hezekiah já bọ́ sílẹ̀, Kẹ́hìndé ló sì gbé e. Bàbá wọn ti fa Táyé lápá, ó ti tì í wọ inú yàrá, ó ti yí kọ́kọ́rọ́, ó ti fi kọ́kọ́rọ́ sápò.

"Omi ò gbọdọ̀ kàn án lẹ́nu títí yóò fi wọ aṣọ yẹn," ló wí. "Ẹ jẹ́ ká gba Àdúrà Olúwa."

Wọ́n gbà á.

Ní kíṣìnì, Rachel ń ro ìrẹsì bí ẹni tó fẹ́ bá a jà. Láti ìdájí ló ti ń dáná. Ó ń ta yúnífọ́ọ̀mù àwọn ọmọ iléèwé nítòsí Bẹẹrẹ, àjọ tó kó lóṣù yẹn sì ti bá ẹran àti àlùbọ́sà lọ, nítorí pé ọkọ rẹ̀ ti pe ìjọ, ó ti pe àwọn tíṣà ẹgbẹ́ rẹ̀, ó ti pe àwọn ará Agodi tó bá a kàwé.

"Bàbá Ìbejì, ọmọ yẹn ò sọ pé òun ò fẹ́ Jésù. Ó ní kẹ́ ẹ fún òun láyè ni."

"Àyè wo? Èmi tí mo ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ, kí tèmi má jáde! Kí ni kí n sọ fáwọn èèyàn?"

"Ṣé nítorí àwọn èèyàn ni?"

"Wò ó, má bi mí nírú ìbéèrè tí ọmọ rẹ ń bi mí."

"Ọmọ mi. Ó mà ti yá." Rachel dé ìkòkò náà gbàù. "Lọ́jọ́ tó gba ipò kìíní ní kíláàsì, ọmọ Tíṣà ni. Èyí tó bá dáa ni ti bàbá, èyí tí ò bá dáa ni ti ìyá. Mo ti gbọ́."

Orí kan yọ lójú fèrèsé kíṣìnì. Ìyá Muhydeen ni, obìnrin mùsùlùmí tí ògiri kan ṣoṣo wà láàárín ilé rẹ̀ àti tiwọn.

"Ìyá Ìbejì, ẹ kú iṣẹ́ o. Tíṣà, ẹ káàárọ̀, sà. Òórùn ìrẹsì yín á ti dé Bẹẹrẹ báyìí, ṣùgbọ́n ariwo yín ló ṣáájú rẹ̀ kọjá lọ́dọ̀ wa. Ṣé kò sí o?"

"Kò sí, Ìyá Muhydeen," ni Rachel dáhùn. "Táyé ló ní òun ò lè wí pé òun gbà, nígbà tí òun ò tíì gbà."

"Ìyẹn náà lẹ lù ú sí? Sùbúhánàlà! Ọmọ tó ń bẹ̀rù àtipurọ́ fún Ọlọ́run! Muhydeen tèmi ń purọ́ fún mi tòun ti wàláà lábíyá. Ẹ wò ó, ẹ jẹ́ ká ṣe pàṣípààrọ̀ títí di Àìkú tó ń bọ̀."

Rachel fẹ́ rẹ́rìn-ín. Ó rí ojú ọkọ rẹ̀, ó gbé ẹ̀rín mì.

Ibi tí wọ́n wà nìyẹn tí Esther fi dé láti Ògùnpa, òun àti kúlà mọ́ínmọ́ín ràgàjì kan tí ọlọ́kadà gbé sí iwájú. Ẹ̀gbọ́n Hezekiah obìnrin ni, ẹni tí kò sí ẹbí tó ń fi ìdí lé àga kí ó tó jókòó.

"Àwọn Ẹ̀jìrẹ́ mi dà? Kí ni gbogbo yín ṣe fajú ro báyìí? Ṣé Bíṣọ́ọ̀bù kú ni?"

Wọ́n rò ó fún un. Esther yọ gèlè orí rẹ̀, ó fi fẹ́ ara rẹ̀.

"Táyé? Táyé tó jẹ́ àbúrò ló ń da ilé rú báyìí? Kẹ́hìndé tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti ní òun ń lọ, ta ni yóò dúró sẹ́yìn?"

"Àǹtí Esther," ni Ìyá Muhydeen wí láti ojú fèrèsé, "ṣebí Kẹ́hìndé náà ló rán Táyé pé kó kọ́kọ́ lọ wo bí ibẹ̀ ṣe rí? Tí ìránṣẹ́ bá dé tó ní òun ò tíì wò ó tán, ṣé ẹni tó rán an ló ń bínú ni, àbí ẹ̀yin tẹ́ ẹ kàn jókòó?"

"Ìyá Muhydeen, ẹ máa lọ sílé yín. Ọ̀rọ̀ onígbàgbọ́ lèyí."

"Mo ti ń lọ, ẹ̀gbọ́n. Ìgbàgbọ́ yín ò kúkú dé ọ̀dọ̀ wa rí. Igbe ọmọ ló ń dé ọ̀dọ̀ wa."

Orí náà kúrò lójú fèrèsé. Lẹ́yìn náà Rachel fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ̀rọ̀, bí ẹni tó ń tọ́ iná wò.

"Àǹtí mi, ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n. Kí Kẹ́hìndé lọ ní tirẹ̀, kí Táyé dúró dọdún tó ń bọ̀. A kì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná."

"Kí Kẹ́hìndé nìkan lọ?" Esther dìde. "Rachel, ṣé orí ẹ pé? Ta ló gbọ́ ọ rí pé wọ́n ṣe ti ọ̀kan nínú ìbejì kí wọ́n fi ti èkejì sílẹ̀? Ọjọ́ tí ẹ gé irun Táyé, ṣé ẹ ò gé ti Kẹ́hìndé? Ọjọ́ tí ibà mú ọ̀kan, ṣé kì í ṣe àwọn méjèèjì lẹ fún lóògùn? Kí wọ́n gbọ́wọ́ lé ọ̀kan lórí, kí orí èkejì máa wò! Èwo lẹ fẹ́ kó kú nínú wọn?"

Lọ́dọọdún, Hezekiah a máa dúró níwájú pátákó kíláàsì rẹ̀, a máa fi irú ọ̀rọ̀ báyìí ṣe yẹ̀yẹ́. Òkùnkùn ni, a máa wí bẹ́ẹ̀. Ohun tí àwọn bàbá wa ń ṣe kí ìmọ́lẹ̀ tó dé ni. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yìí kò rẹ́rìn-ín. Ó dúró, ó ń fi ìka lu ẹnu ọ̀nà kíṣìnì. Èèyàn lè rí ọ̀rọ̀ náà bó ṣe ń wọ inú rẹ̀ lọ, tó ń wá ibi jókòó.

"Ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n máa ń sọ pé ọkàn kan ni ìbejì ní, àbí wọn kì í sọ bẹ́ẹ̀?"

"Ọkàn kan náà ni."

"Ó dáa. Kẹ́hìndé á kúnlẹ̀ fún ara rẹ̀. Tó bá dìde, á gba ẹ̀yìn yípo, á wá kúnlẹ̀ fún Táyé. Ìbòrí á bò ó dé iwájú orí. Bíṣọ́ọ̀bù ò mọ̀ wọ́n rí. Èmi náà ni mo ń to àwọn ọmọ sórí ìlà."

Epo ń ta pàrà-pàrà nínú agbada. Esther tún jókòó. Òun alára ò retí pé ọ̀rọ̀ òun á dé ibẹ̀ yẹn.

"Bàbá Ìbejì," ni Rachel wí. "Níwájú pẹpẹ?"

"Pẹpẹ ò lẹ́nu."

Kẹ́hìndé ló wà lẹ́yìn wọn nígbà tí wọ́n yíjú. Ó ti wọ aṣọ funfun rẹ̀. Kò sí ẹni tó mọ ìgbà tó ti dúró síbẹ̀.

"Dádì, ṣé kí n máa jẹ́ orúkọ Táyé ni?"

"Àdúrà ni, ọmọ mi. Ò ń bá ìkejì rẹ gbàdúrà. Ṣé ó burú kéèyàn gbàdúrà fún ẹlòmíràn?"

"Kò burú, sà. Ṣùgbọ́n wọ́n á ní 'Táyéwò,' màá sì ní 'Àmín.'"

"Kí ni àkọ́sórí ọ̀sẹ̀ tó kọjá?"

Kẹ́hìndé mọ̀ ọ́n. Ó sọ ọ́ láìkọsẹ̀, èyí tó ní kí ọmọ máa bọ̀wọ̀ fún bàbá àti ìyá rẹ̀. Ó sọ ibi tó wà nínú ìwé àti ẹsẹ rẹ̀.

"Ẹ rí i," ni Hezekiah wí. "Ìyá Ìbejì, fún un lóúnjẹ."

Rachel kó àkàrà sínú abọ́ kékeré, ó nawọ́ rẹ̀ sí ọmọ náà. Kò wo ojú rẹ̀. Ó yẹ kó sọ̀rọ̀ nígbà yẹn. Ó ronú kan ìrẹsì, ó ronú kan àlejò, ó ronú kan ẹnu ayé, ó sì lọ yí iná wálẹ̀.

Kẹ́hìndé gbé àkàrà rẹ̀ lọ sẹ́nu ọ̀nà yàrá tí wọ́n tì. Ó bẹ̀rẹ̀, ó gbìyànjú láti ki ọ̀kan gba abẹ́ ilẹ̀kùn. Àyè náà ò tó. Àkàrà fọ́, epo rẹ̀ ta sórí símẹ́ńtì.

"Táyé."

"Kí ni?"

"Wọ́n ní kí n lọ gbà á fún ọ."

"Kó o gbà á fún mi báwo? Ṣé oúnjẹ Kérésìmesì ni wọ́n ń pín ni?"

"Wọ́n ní tí n bá ti kúnlẹ̀ fún ara mi, kí n tún yí padà wá. Kí n jẹ́ orúkọ ẹ."

Nígbà tí ohùn Táyé tún jáde, ó ti sún mọ́ ilẹ̀, bíi pé òun náà ti bẹ̀rẹ̀ sí abẹ́ ilẹ̀kùn.

"Kẹ́hìndé, má ṣe é. Ìwọ gbà á ní tìẹ. Mo máa ń rí ẹ. Lọ gba tìẹ, kó o máa bọ̀. Jẹ́ kí wọ́n lù mí."

"Tí mi ò bá ṣe é, wọn ò ní ṣí ẹ. Wọn ò ní fún ẹ lóúnjẹ."

"Ebi ò pa mí."

"Irọ́ nìyẹn."

"Irọ́ kékeré ni," ni Táyé wí. "Tìẹ ló máa tóbi jù."

Bàbá wọn pariwo pé ọkọ̀ ti dé.

Ṣọ́ọ̀ṣì kún. Bíṣọ́ọ̀bù dé tòun ti ọ̀pá rẹ̀, ó bi àwọn ọmọ náà léèrè ohun tó yẹ kó bi wọ́n, gbogbo wọ́n sì dáhùn pọ̀ pé àwọn gbà. Hezekiah dúró sígun ìlà nínú agbádá funfun, ó ń fi ojú tò wọ́n. Méjì-méjì ni wọ́n ń lọ. Kẹ́hìndé ló ṣáájú àwọn obìnrin.

Rachel rí i nígbà tó kúnlẹ̀. Ó rí ọwọ́ ńlá yẹn lórí ìbòrí kékeré, ó rí èjìká ọmọ rẹ̀ bó ṣe rọ̀ wálẹ̀ jẹ́jẹ́, bí ìgbà tí a bá sọ ẹrù kalẹ̀ fún aláàárù. Nígbà tí Kẹ́hìndé dìde, ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀. Omijé bọ́ lójú ìyá rẹ̀ kó tó mọ̀. Bó bá jẹ́ ibẹ̀ ló parí sí, ì bá jẹ́ ọjọ́ tó dáa jù láyé ọmọ náà.

Hezekiah fi orí pè é.

Kẹ́hìndé gba yàrá tí àwọn àlùfáà ti ń wọṣọ jáde sí ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì, níbi tí jẹnẹrétọ̀ ti ń ké. Gabriel, bàbá tó ń ṣọ́ ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, yọ eyín sí i.

"Ẹ̀jìrẹ́! Èwo rèé nínú yín?"

Ó gbọdọ̀ fún un lésì kí ó tó kọjá.

"Táyé ni, sà."

"Olúwa á bùkún fún ọ. Tètè, wọ́n ti fẹ́ parí. Ìkejì ẹ ti gba tiẹ̀."

Ó dúró sí ìparí ìlà. Ó kúnlẹ̀. Bíṣọ́ọ̀bù tẹ́tí sí orúkọ tí Hezekiah sọ, ó gbé ọwọ́ lé e, ó gbàdúrà, ó pe Táyéwò lórúkọ fún Ọlọ́run. Ẹnu Kẹ́hìndé là, kò sóhun tó jáde. Gbogbo ìjọ ló bá a ṣe Àmín, ọwọ́ náà sì kúrò.

Nígbà tó ń padà bọ̀ sórí ìjókòó, ó ń fi etí ìbòrí nu àárín orí rẹ̀, ó ń nu ún, ó tún ń nu ún, bí ẹni tí nǹkan kán sí lórí. Rachel wojú ilẹ̀.

Ìta kún fún "Ẹ kú orí ire." Ayàwòrán ní kí àwọn ìbejì wá dúró papọ̀.

"Èkejì dà?"

"Inú ló ń run ún, ó ti ṣáájú lọ sílé," ni Esther dáhùn kíá. Ohùn rẹ̀ kò dùn bíi ti àárọ̀. Bí wọ́n ṣe ń wọ ọkọ̀, ó ní òun ò ní lè bá wọn dé ilé mọ́, ẹsẹ̀ ń dun òun.

Àwọn tó jẹun nílé Hezekiah lọ́sàn-án ọjọ́ náà kò kéré. Ẹsẹ̀ gìrìgìrì nílé ańjọ̀fẹ́. Wọ́n jẹ ìrẹsì, wọ́n jẹ mọ́ínmọ́ín, wọ́n ní kí Tíṣà wá fi ọgbọ́n tó fi ń tọ́ ọmọ kọ́ àwọn náà. Hezekiah ní kò sí ọgbọ́n kan níbẹ̀, kéèyàn má ṣáà gba gbẹ̀rẹ́ ni. Rachel lọ sẹ́yìn ilé láti da omi nù, ó bá abọ́ kan lójú fèrèsé yàrá tí wọ́n tì, láàárín irin. Abọ́ Ìyá Muhydeen ni. Ẹ̀wà ló ti wà nínú rẹ̀, búrẹ́dì la sì fi nù ún mọ́ tónítóní. Rachel fọ̀ ọ́, ó nà án kọjá ògiri. Ọwọ́ kan gbà á.

Nígbà tí àlejò túká, Hezekiah ṣí ilẹ̀kùn.

"Jáde. Ó ti parí. O ti di ọmọ ìjọ."

"Ta ló di ọmọ ìjọ, sà?"

"Ìwọ."

"Ibí ni mo wà, sà," ni Táyé wí.

Hezekiah ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Inú rẹ̀ dùn lọ́jọ́ náà, ó sì fẹ́ kí ìdùnnú náà dé ọ̀dọ̀ gbogbo ilé. Ó ní kí wọ́n jókòó sídìí tábìlì kan náà, kí wọ́n gé ẹran fún Táyé, kí gbogbo ọ̀rọ̀ tán síbẹ̀.

"Kẹ́hìndé, ìwọ lo máa gbàdúrà sóúnjẹ. Ìgbà àkọ́kọ́ rẹ gẹ́gẹ́ bí ọmọ ìjọ gidi."

Kẹ́hìndé kò di ojú.

"Kẹ́hìndé."

"Mi ò mọ ẹni tó máa gbà á, sà."

"Kí lo wí?"

"Ṣé èmi ni, tàbí Táyé?" Kò fi ṣe àfojúdi. Ohùn rẹ̀ kéré. "Mo ti ń gbìyànjú láti ìgbà tá a ti dé. Mo lọ sídìí abọ́, mo lọ sí balùwẹ̀. Tẹ́lẹ̀, tí mo bá pe Ọlọ́run, mo máa ń mọ̀ pé ó ń gbọ́. Báyìí, bí mo bá ti la ẹnu, ohùn ara mi ló ń padà wá bá mi."

Rachel ṣíwọ́ bíbu ìrẹsì.

"Ẹ bá mi sọ fún Fíkà ṣọ́ọ̀ṣì wa, sà," ni Kẹ́hìndé wí. "Ẹ bá mi sọ pé èmi ni mo kúnlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Tẹ́ ẹ bá sọ ọ́, bóyá á padà. Mi ò ní lè jẹ Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa báyìí."

"Wàá jẹ ẹ́."

"Ìyẹn ò sí lábẹ́ kọ́kọ́rọ́ yín, Dádì," ni Táyé wí.

Ọwọ́ Hezekiah gòkè. Kò balẹ̀. Rachel ti dì í mú lọ́rùn ọwọ́, ṣíbí ìrẹsì ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀ kejì.

"Èyí tó o gbá láàárọ̀ ti tó."

Láti ọjọ́ tí wọ́n ti jọ wọ ilé, ẹnu Rachel kò sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sí ọkọ rẹ̀ rí. Àwọn ọmọ méjèèjì ń wo tábìlì. Hezekiah gba ọwọ́ rẹ̀ padà, ó wò ó bíi pé ti ẹlòmíràn ni, ó sì jáde lọ síwájú ilé pẹ̀lú fóònù rẹ̀.

Oòrùn ń rọ̀ sẹ́yìn Mápó. Lójú Wasáàpù ìjọ, Fíkà ti kọ ọ́ pé kí àwọn òbí wá jẹ́rìí sí ohun tí Olúwa ṣe fún ọmọ wọn lónìí. Ìkíni ti kún orí rẹ̀. *Tíṣà àwọn tíṣà. Ẹ̀yin lẹ mọ ọmọ tọ́.* Àwòrán Kẹ́hìndé wà níbẹ̀, nígbà tó kúnlẹ̀. Àwòrán Kẹ́hìndé tún wà níbẹ̀, nígbà tó kúnlẹ̀. Ẹnì kan ti kọ orúkọ méjì sábẹ́ wọn.

Hezekiah ṣí ojú ewé Fíkà nìkan. Ó kọ ọ́: *Ẹ káalẹ́, sà. Ọ̀rọ̀ kan wà tó yẹ kí n sọ fún yín nípa Táyéwò.* Ó wò ó. Ó fi ìka pa á rẹ́, lẹ́tà kan lẹ́yìn òmíràn. Ó tún un kọ. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á bá a. Hezekiah mọ òwe náà, ó ti fi kọ́ ọmọ. Ó tún pa á rẹ́.

"Ṣé ẹ ti sọ ọ́, sà?"

Kẹ́hìndé ló dúró sẹ́nu ọ̀nà. Ó ti bọ́ aṣọ funfun. Kò tíì jẹun.

"Mò ń sọ ọ́," ni bàbá rẹ̀ dáhùn, kò sì yíjú padà. "Wọlé lọ. Mò ń sọ ọ́ lọ́wọ́."

Ó wọlé. Wọ́n ń retí, òun, ìyá rẹ̀ àti Táyé, nídìí oúnjẹ tó ti tutù. Kò pẹ́ tí fóònù Rachel fi dún lórí fìríìjì. Kì í ṣe ọ̀dọ̀ Fíkà ni ọ̀rọ̀ náà lọ. Ojú Wasáàpù ìjọ ni. Rachel kà á, ó jókòó, ó sì nawọ́ fóònù náà sí Kẹ́hìndé.

*Ògo ni fún Ọlọ́run. Inú èmi àti ìyàwó mi dùn púpọ̀ láti jẹ́rìí pé àwọn ìbejì wa, Táyéwò àti Kẹ́hìndé, fi ẹnu ara wọn gba Olúwa lónìí. A kò fi ipá mú ẹnikẹ́ni. Ẹ bá wa yọ̀. Ẹ̀yin òbí, ẹ má dẹwọ́.*